Ihò Kejì Lábẹ́ Ọkọ̀ Adagẹdú

Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí pákó, ẹ ò ní í gé pákó kankan mọ́ lónìí. Ẹ pa ẹ̀rọ ayùn yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀la ni ọkọ̀ yóò bọ́ sómi, mo mọ̀ pé ọ̀dà apá òsì kò tíì gbẹ, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń wojú ara yín, ẹ ń sọ nínú yín pé kí ló tún ṣe arúgbó yìí tó fi ń pe ìpàdé nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ báyìí. Òtítọ́ kan wà lọ́rùn mi tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Bó bá di ọ̀la, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ la ó fi san án. Àìsàn inú tí dókítà ní ó máa mú mi lọ kọ́ ló mú mi pè yín. Àìsàn yẹn ti di ẹbí, a ti jọ mọwọ́ ara wa. Ẹ̀rù ló mú mi pè yín. Ẹ̀rù yín ń bà mí, ẹ̀rù omi ń bà mí, ẹ̀rù ahọ́n ara mi ló sì ń bà mí jù, torí mo mọ̀ ọ́n, ó ti yí padà mọ́ mi lẹ́nu rí. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́.

Obìnrin tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má bi í pé kí ló wá ṣe níbí. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Gbogbo yín lẹ mọ Atukọ̀, ẹni tó tu ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e sódò, tí ọkọ̀ rì, tí wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ bí ajá tó jí ẹran. Atukọ̀, mo rí i pé o kò fẹ́ jókòó. O jàre. Dúró síbẹ̀, ṣáà má lọ. Àǹtí Tépù náà ti dé, ẹni tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rán sí wa, tó fi tépù wọn ọkọ̀ àtijọ́ láti orí dé ìdí, tí kò fi ìṣó kan sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọ̀dà, òun ni wọ́n ní kó tu ọkọ̀ lọ́la. Ẹ̀yin káfíńtà tó kù, ẹ̀yin lẹ gbọ́ irọ́ mi tí ẹ fi ìṣó kàn án mọ́ ọkọ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ pé, ẹni tí mo tàn jẹ náà pé.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ gẹdú ṣì wà lókè odò, bí wọ́n bá gé igi, odò ni wọ́n ń jù ú sí, odò á sì gbé e wá sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń là á. Ṣùgbọ́n gẹdú kò gbọ́n ju màlúù lọ. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á há sí kọ̀rọ̀, wọ́n á gun ara wọn lórí, wọ́n á sé odò pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ adagẹdú, ọkọ̀ onípákó tó tẹ́ nísàlẹ̀, tí imú rẹ̀ gbé sókè, tí wọ́n ń gbé kiri àárín igi, tí wọ́n ń fi ọ̀pá ti igi síwájú bí ẹni ń da ẹran. Bàbá mi ló ń kan ọkọ̀ wọ̀nyí fún ilé iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rì láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gẹdú sé odò. Àwọn mẹ́ta tó ń fi àjẹ̀ wà á wọ abẹ́ igi, wọn ò jáde mọ́. Atukọ̀ wọn nìkan ló yè é. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi nígbà náà, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá mi jáde síwájú gbogbo èrò, tó nàka sí atukọ̀ náà, tó ní, “Mo gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yìí.” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọkùnrin yẹn ní Amúkọ̀rì. Kò di ọ̀pá ìtukọ̀ mú mọ́ títí tó fi kú; ilẹ̀ ọjà ló ń gbá. Ìyàwó rẹ̀ di ìyàwó Amúkọ̀rì, àwọn ọmọ rẹ̀ di ọmọ Amúkọ̀rì, bí wọ́n bá lọ tọrọ aya, àwọn àna á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ simi ná. Atukọ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹ mọ bí ọkọ̀ náà ṣe padà wá. Ọ̀dá dá, odò fà, ó sì yọ imú jáde nínú ẹrẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní àwọn fẹ́ kí a kan òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì. Èmi nìkan ló kù láyé tó fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí, wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, mo ra fìlà tuntun. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa: bí ẹ bá ṣe bá a nínú ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é nínú ti tuntun. Bí ìṣó bá wọ́, kí ẹ kan ìṣó tó wọ́. A tẹ́ òkú ọkọ̀ náà sábẹ́ páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, a ń fi àpò tútù bò ó kó má baà sán, Àǹtí Tépù sì ń rákò kiri lára rẹ̀ láti àárọ̀ títí alẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló pè mí. Ó dojú bolẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan là ń rí, ó ní, “Bàbá, ẹ wá wo ibí. Ihò méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí.” Ihò kan ṣoṣo la mọ̀ mọ́ ọkọ̀ adagẹdú. Ìdí ọkọ̀ ló ń wà, lẹ́bàá ẹsẹ̀ atukọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà da omi òjò nù bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ó fẹ̀ níta, ó há nínú. Láti ìta ni wọ́n ti ń fi igi dí i, kí omi fúnra rẹ̀ lè máa tẹ igi náà mọ́ ọn. Èyí tí Àǹtí Tépù rí wà láàárín ọkọ̀, lábẹ́ ìjókòó. Ó gún gbọọrọ, kò fẹ̀ níbì kankan. Mo kì ìka bọ̀ ọ́, ìka mi sì bá ilà kan nínú rẹ̀ tó yí po bí òrùka. Ara mi bù máṣọ. Ọmọ mi, bá mi mú ohun tí mo fi àkísà wé sábẹ́ tábìlì yẹn. Ìlu bàbá mi rèé, irin tó fi ń lu igi. Òun ni mo jogún, òun ni mo fi kọ́ gbogbo yín níṣẹ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, eyín kan kán níbẹ̀. Kò sí ihò tí ìlu yìí lù rí tí kò fi ilà sínú rẹ̀. Bí mo bá di ojú mi, tí mo kì ìka bọ ihò, mo mọ̀ bóyá òun ló lù ú, bí ẹ ṣe ń mọ ohùn bàbá yín lẹ́yìn ògiri.

Bí mo ti fọwọ́ kan ilà yẹn ni mo rántí ọṣẹ. Lọ́sẹ̀ tí ọkọ̀ rì, ìyá mi wá odidi ọṣẹ ìfọṣọ kan tì. Ó ń pariwo kiri ilé, “Ta ló gbé ọṣẹ mi?” Bàbá mi ní eku ni. Ìyá mi ní, “Eku wo ni yóò jẹ odidi ọṣẹ tí ẹnu rẹ̀ ò ní í hó?” A rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn wá. Eku kọ́, ọjọ́ tí mo kì ìka bọ ihò yẹn ló tó yé mi. Bàbá mi ló po ọṣẹ náà mọ́ ìyẹ̀fun pákó tí ayùn ń ta sílẹ̀, ó fi dí ihò tó lù. Ọṣẹ á fara da omi díẹ̀, lẹ́yìn náà á yọ́. Ohun tó rò ni pé kí ọkọ̀ rì létí èbúté nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ lè ní kó kan tuntun. Ọkọ̀ rẹ̀ lágbára jù, wọn kì í bàjẹ́, iṣẹ́ dáadáa tó ṣe ló sì wá ń fi ebi pa á. Ṣùgbọ́n gẹdú sé odò ní kùtùkùtù, wọ́n pe atukọ̀ ní kíá, èyí tó wà nítòsí ló sì gbé. Nígbà tí ìyá mi darúgbó, ó sọ nǹkan kan fún mi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi gbọ́ ìró àjẹ̀ lójú odò, ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì dùbúlẹ̀ padà. Igbe kan péré ni ì bá ké. Láti ọjọ́ tí mo ti kì ìka bọ ihò yẹn ni igbe tí kò ké ti ń dún létí mi.

Àǹtí Tépù ṣì ń wo ojú mi. Ó ní, “Bàbá, ṣé ihò méjì ni wọ́n máa ń ní ni, àbí ẹnì kan ló lu eléyìí?” Ẹ gbọ́ bí ìbéèrè ṣe sún mọ́ ilé tó! Mo nu ìka mi sára ṣòkòtò. Mo ní, “Ihò méjì ni. Ihò ìfọkọ̀ ni wọ́n ń pe èkejì. Bí iyanrìn bá kún inú ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fọ̀ ọ́.” Irọ́ náà jáde geere, bí ẹni pé ẹ̀yìn eyín mi ló ti ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, gbogbo ọkọ̀ tí mo ti wọ̀n, mi ò rí...” Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí mo ń kan ọkọ̀, níbo lo wà?” Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ẹni tó rí òtítọ́ ń bẹ ẹni tó ń bò ó mọ́lẹ̀! Àǹtí Tépù, o ò mọ̀ jù, o ò sì ṣe àfojúdi. Ewú orí mi ni mo fi gbá ọ lẹ́nu.

Irọ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń bí tán kó sọ pé kó má dàgbà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọ “ihò ìfọkọ̀” sára pátákó ńlá tó wà lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá, wọ́n ń kì ìka bọ ihò ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Tíṣà kan tilẹ̀ fi ṣe ìbéèrè ìdánwò. Ọmọ tó bá dáhùn pé ihò kan ṣoṣo ni ọkọ̀ adagẹdú ń ní, òdo ló gbà. Ọmọ mi yìí ló lu ihò kejì sínú ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ṣáà ní kí ohun gbogbo jọ ti àtijọ́, mo bá gbé ìlu yìí kan náà lé e lọ́wọ́. Mo dúró tì í, mo ń wo bí ìyẹ̀fun igi ṣe ń dà jáde. Ihò tó gún gbọọrọ bẹ́ẹ̀, inú la ti dí i, omi ìta ni yóò sì máa ti igi ìdíhò náà bọ̀ wá sínú ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lójú odò. Mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìṣó gígùn kan pákó ìtẹ̀sẹ̀ bò ó, kí ẹlòmíràn má baà wò ó dáadáa kó tún bi mí ní ìbéèrè. Mo ṣèlérí fún ọkàn mi pé tó bá yá màá padà wá tún un ṣe. Ọkàn mi dákẹ́, ó mọ irú ẹni tó ń bá òun ṣèlérí.

Nígbà náà ni Atukọ̀ dé. Ọkọ̀ akérò ló ń tù lápá ìsàlẹ̀ odò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé omi ta sóun láṣọ rí nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n tù ú. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ ilé wa lè gbé ọkọ̀ yìí lọ kó sì gbé e bọ̀.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbà. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé ọkọ̀ sódò, ó yẹ ihò ìdí ọkọ̀ wò, ó dìde, ó bi mí níwájú gbogbo yín pé, “Bàbá, ta ló ń yẹ èkejì wò? Bàbá àgbà mi máa ń sọ pé ihò kan ṣoṣo ni atukọ̀ ń ṣọ́.” Ọmọ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ku kó ti ilẹ̀kùn. Mo ní, “Bàbá àgbà rẹ wo? Èyí tó mú ọkọ̀ rì?” Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rínkòtán, ìwọ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn yẹn, ìwọ lo rín jù, o fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu àjẹ̀. Mi ò bá ọ wí. Èmi ni mo fi ẹ̀rín náà bọ́ yín.

Ọkọ̀ kò tíì dé àárín odò tí mo rí i pé ó ń wálẹ̀. Kò gbá òkúta, kò gbá igi. Láti èbúté ni mo ti rí i kedere. Omi ń wọlé lábẹ́ pákó ìtẹ̀sẹ̀, àwọn tó ń wà á sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kiri, wọn ò mọ ibi tó ń gbà wọlé. Atukọ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere lórí omi: “Ẹ tú pákó àárín! Ẹ tú pákó àárín!” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹlòmíràn rò pé ìpayà ló mú un, ẹlòmíràn rò pé ọmọ Amúkọ̀rì ló tún ń ṣe tiwọn, ìṣó tí mo sì ní kí wọ́n kàn mọ́ ọn gùn ju ohun tí ọwọ́ lè fà yọ lọ. Mo la ẹnu láti ké sí wọn pé kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, pé abẹ́ ìjókòó ni. Mi ò ní í purọ́ fún yín lónìí. Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Ọkọ̀ dojú dé. Ẹsẹ̀ Ẹ̀rínkòtán, tó wà lára àwọn tó ń wà á, há sábẹ́ ìjókòó, Atukọ̀ ló mòòkùn lọ fà á jáde, ó lọ lẹ́ẹ̀kíní, ó bọ̀ lófo, ó tún padà lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ́ Ẹ̀rínkòtán sí èbúté, ojú rẹ̀ ti dà bí eérú. Ó yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ikọ́ rẹ̀ là ń gbọ́, a ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́.

Bí ẹ ṣe rọ̀gbà yí i ká, nǹkan kan ń gbá mi lẹ́sẹ̀ nínú omi létí èbúté, gbà, gbà, bí ọmọ ajá tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Mo wolẹ̀. Igi ìdíhò náà ni, ó ti gba àlàfo pákó yọ jáde nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. Odidi odò náà, kò rí ibòmíràn gbé e lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un, mo tì í sápò. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ gòkè, mo ní, “Ẹ yàgò, èmi ni mo kàn án, èmi ni kí n kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.” Ẹ yàgò fún mi. Mo tú pákó kan, mo fi igi mìíràn dí ihò náà, mo kan pákó padà, mo jáde, mo mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Ẹ tilẹ̀ ń kí mi pé mo kú iṣẹ́.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, kékeré ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ọ̀gá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pe ìpàdé sínú ọ́fíìsì rẹ̀, yàrá tóóró kan tí fáànù ń ké lókè tí kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Bàbá Akankọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ yìí jù. Kí ló mú un rì?” Igi ìdíhò wà lápò mi, ó ṣì tutù, ó ti rin aṣọ mọ́ mi nítan. Atukọ̀ kọjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Àárín lomi gbà wọlé. Ẹ̀yin náà rí i.” Ẹ̀rù bà mí. Mo rí pátákó ẹnu géètì lọ́kàn mi, mo rí orúkọ bàbá mi tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀, mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń nàka sí ẹ̀yìn mi. Mo la ẹnu, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ títí tí mo fi gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi kí n mu. Mo ní, “Mo gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yìí.” Obìnrin tí kì í mu ohun tó le ju tíì lọ! Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Atukọ̀ kò pariwo, kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ohun tí wọ́n sọ mọ́ bàbá àgbà mi nìyẹn. Kò yẹ̀, kò dín. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?” Àwọn tó kù rò pé ìbínú ló ń mú un sọ̀rọ̀. Èmi mọ̀ pé ó ti fọwọ́ kan bàbá mi níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Wọ́n lé e. Àwọn ọlọ́kọ̀ akérò náà gbọ́, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ń pè é ní Amúkọ̀rì Kejì. Nígbà tí inú ń run mí, tí mo lọ rí dókítà, mo bá obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Òun ni. Ó ń gbálẹ̀ bí bàbá àgbà rẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀ kúrò lọ́nà kí n lè kọjá, ó ní, “Ẹ rọra o, Bàbá, ilẹ̀ ń yọ̀.” Mo wọlé tọ dókítà, ó sọ pé àìsàn náà ti jìn, ó ń wojú mi bóyá màá sunkún. Kò mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́kún ti gbọ̀n mí. Síbẹ̀ náà, mo padà sílé, mo jẹun, mo sùn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí ewú tàn yín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mi ò kàn ṣe é ni.

Kí ló wá dé tí mo ń sọ ọ́ lónìí? Ẹ̀rí ọkàn kọ́, ẹ má gbé ògo tí kì í ṣe tèmi fún mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ìwé ni yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ́la, ọmọ ọmọ mi obìnrin sì wà lára wọn. Ó sáré wá bá mi nínú yàrá, ó ní, “Bàbá àgbà, àárín ọkọ̀ gan-an ni wọ́n fi mí sí! Orí ihò ìfọkọ̀!” Ẹ̀jẹ̀ sá ní gbogbo ara mi. Bí ọmọ ọlọ́mọ nìkan ni, bóyá màá tún dákẹ́, ẹ sì lè máa fi bú mi lẹ́yìn tí mo bá lọ tán. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe é. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó dí ihò náà pa. Ó ní, “Ṣé orí yín pé, Bàbá? Ẹ̀yin náà lẹ ní bó ṣe wà nìyẹn.” Mo lọ bá Àǹtí Tépù, ó ní bí àwọn bá dí i, ọkọ̀ náà kò ní jọ ti àtijọ́ mọ́. Mo wá mú òòlù lánàá, mo lọ fúnra mi. Ọlọ́dẹ dá mi dúró, ó di apá mi mú jẹ́jẹ́ bí ẹni mú ẹyin, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ihò ìfọkọ̀. Ohun ìtàn ni.” Irọ́ mi ti ní ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ. Mo jókòó sórí àpáta létí odò, ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rù sì bà mí.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ru tèmi dé. Ẹ gbé ìlu yìí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí Àǹtí Tépù tì í bọ ihò kejì nínú ọkọ̀ àtijọ́, yóò rí bó ṣe bá ilà rẹ̀ mu. Kó lọ pa ohun tó wà lára pátákó ẹnu géètì rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá sọ fún yín pé bó ṣe wà nìyẹn, ẹ kúnlẹ̀, ẹ tẹríba, kí ẹ sì tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Atukọ̀, mi ò ní kí o dárí jì mí kí o tó kúrò níbí. Mo fẹ́ kí o dárí jì mí, ó ń wù mí bí omi ṣe ń wu ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ló wà. Ohun tí mo ń bẹ gbogbo yín ni pé kí ẹ gba orúkọ yẹn kúrò lọ́rùn ilé wọn. Ẹ gbé e wá sílé mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Bàbá mi ni Amúkọ̀rì. Èmi ni Amúkọ̀rì. Ọmọ mi, gbé orí sókè. Wọn yóò máa pè ọ́ ní ọmọ Amúkọ̀rì lójú títì, wọn yóò sì máa pe ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé. Yóò dùn ọ́. Má bá wọn jà. Ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ti ń bá wa rù ú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀.

Igi ìdíhò náà rèé. Ó ti gbẹ. Atukọ̀, gbà á lọ́wọ́ mi, tàbí kí o ní kí n gbé e sílẹ̀, bó bá ṣe wù ọ́. Ẹ̀yin tó kù, oòrùn ò tíì wọ̀, ẹ dìde. Ohun tí Atukọ̀ ń pariwo pé kí ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ ò dá a lóhùn, òun ni kí ẹ lọ ṣe báyìí. Ẹ mú òòlù, ẹ mú igi tí ẹ ó fi dí ihò yẹn pa. Ẹ tú pákó àárín.